Omi Ìgò Keje

Ọjọ́ Àìkú, 6 oṣù Keje, 2025

Ìwé, má bínú sí mi. Mo mọ̀ pé mi ò tó ẹni tó ń kọ irú nǹkan báyìí. Àwọn tó ń kọ ìwé ìrántí ti rí ayé. Èmi, ọmọ ọdún méjìdínlógún, ọdún kìíní ni mo ṣì wà nílé ìwé, ìdánwò ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo tíì ṣe, máàkì mi ò sì wú ẹnikẹ́ni lórí. Yorùbá tí mo fẹ́ fi kọ ọ́ gan-an, bí ẹni yá aṣọ wọ̀ ni. Abuja ni wọ́n bí mi sí. Bí Màmá bá fi Yorùbá bá mi wí, Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń bẹ̀ wọ́n.

Bàbá Sùlàímọ́nù ni wọ́n ra ìwé yìí fún mi. Wọ́n ní, "Gbogbo Yorùbá tí mo kọ́ ọ yìí, ṣé inú ikùn ẹ ló máa jẹrà sí ni?" Mo rẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín.

Bàbá kì í ṣe ẹbí wa. Wẹ́dà ni wọ́n, ará Ìṣẹ́yìn, yàrá wọn ló kọjú sí tiwa nínú ọgbà. Ṣùgbọ́n bàbá tó bí mi ń wa tírélà, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù la ń rí wọn. Màmá ń jáde lọ sí Lokogoma láàárọ̀ kùtùkùtù, wọ́n ń tọ́jú ilé fún àwọn kan nínú ẹ̀sítéètì kan níbẹ̀. Torí náà, iwájú ṣọ́ọ̀bù Bàbá ni mo dàgbà sí. Ara páànù ni wọ́n ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ́ mi ní lẹ́tà, tí wọ́n á sì fi àkísà nù ún kúrò kí oníbàárà tó dé.

Ọ̀la ni iṣẹ́ ìta máa bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó àyíká ni mo ń kọ́ — iṣẹ́ wolé-wolé, bí Bàbá ṣe ń pè é. Wọ́n pín èmi àti Festus, ọmọ kíláàsì mi, sí ọ́fíìsì kan tí kò jìnnà sí wa níbí, lójú ọ̀nà Karshi. Ẹ̀rù ń bà mí. Kí n má ṣáà ṣe àṣìṣe. Ìyẹn nìkan.

Ọjọ́ Ajé, 7

Ọ̀gá wa níbẹ̀ ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Akínlabí. Nínú ìwé yìí, orúkọ wọn ni Ọ̀gá Báírò. Báírò mẹ́ta ló wà lápò wọn — búlúù, dúdú, pupa. Ọ̀kan ni wọ́n yọ lónìí, wọ́n fi ha etí.

Wọn ò burú. Wọ́n bù nínú ẹ̀pà wọn fún wa. Wọ́n wo ìwé tí mo ń kọ sí, wọ́n ní, "Ọmọ yìí, gbogbo ohun tí mo bá sọ lò ń kọ. Mo wúkọ́, o kọ ọ́ sílẹ̀." Festus rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Mo wò ó nígbà tí mo délé. Òótọ́ ni. Mo kọ ọ́.

Ọjọ́rú, 9

Ìgò méjìlá, ẹ̀rọ omi méjìlá, ọjọ́ kan. Láàbù ti se àwọn ìgò náà, a ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹnu wọn. Èèyàn á ṣí ẹ̀rọ, á jẹ́ kí omi dà fún ìṣẹ́jú méjì, á fi iná ra ẹnu ẹ̀rọ, kó tó gbé ìgò sí i. Mo ti mọ̀ ọ́n sórí. Inú kúlà oníyìnyín ni ìgò ń wà. Aago mẹ́rin ni ọkọ̀ láàbù ń dé ọ́fíìsì. Tó bá ti lọ, ó ti lọ nìyẹn.

Kẹ̀kẹ́ la wọ̀ kiri. Ọ́fíìsì ò ní ọkọ̀.

Ìkeje nínú wọn wà ní àdúgbò wa, Angwan Kuka, lẹ́yìn Orozo. Tuntun ni, ìjọba ló gbẹ́ ẹ. Kò tíì sí ẹni tó mu nínú ẹ̀. Èsì àyẹ̀wò ni wọ́n ń dúró dè kí wọ́n tó ṣí i. Bàbá ni wọ́n jó irin géètì rẹ̀. Keje ni màá máa pè é.

Ìgbẹ̀yìn la fi Keje sí, torí mo mọ ọ̀nà ibẹ̀. Aago mẹ́ta ti kọjá nígbà tá a débẹ̀. Àgádágodo wà lẹ́nu géètì. Wọ́n ní ẹni tó ń ṣọ́ ọ ti lọ sóko. Òjò ṣú. Yìnyín inú kúlà ti ń di omi. Mo ní ká dúró díẹ̀. Festus ní bí ọkọ̀ láàbù bá lọ láì gbé kúlà, mọ́kànlá tá a ti bù ló bàjẹ́ yẹn. Ó ní, "Abeg, water na water."

A wọ kẹ̀kẹ́ padà. Ẹ̀rọ kan wà lẹ́yìn ọ́fíìsì, níbi tí wọ́n ti ń ṣe àlùwàlá. Festus bu omi ibẹ̀ sínú ìgò kan tó kù. Èmi ni mo kọ ọ́ sára ìgò, torí ọwọ́ mi ló dára jù: 7. ANGWAN KUKA. Mo ní màá padà lọ lọ́la, màá gba ìgò mìíràn, màá tún un ṣe.

Ohun kan wà tí mi ò sọ fún Festus. Kọ́kọ́rọ́ géètì yẹn, méjì ni. Ìkejì wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù Bàbá. Ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo rántí ẹ̀ níbi tí mo dúró sí. Òjò ń bọ̀. Festus ti ń pe kẹ̀kẹ́. Mo dákẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 10

Mi ò padà lọ. Wọ́n ní ìgò ti tán.

Ọjọ́ Ẹtì, 11

Òjò. Mo da fọ́ọ̀mù kọ fún Ọ̀gá Báírò, ogún ojú ewé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15

Èsì dé. Méjèèjìlá ló yege. Ọ̀gá Báírò yọ báírò búlúù, wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ọmọ." Ọkàn mi balẹ̀. Bó ṣe balẹ̀ yẹn bà mí lẹ́rù. Mo ń sọ fún ara mi pé bí mọ́kànlá bá mọ́, kí ló máa ṣe ìkejìlá? Ilẹ̀ kan náà ni.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ilẹ̀ kan náà lójú Bàbá. Láti oṣù Kìíní, ọjọ́ tí wọ́n gbé ẹ̀rọ ìgbẹ́lẹ̀ dé, ni Bàbá ti ń sọ ọ́: ṣalángá àwọn bíríkìlà ló wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ́ àdúgbò wa. Wọ́n kàn kó iyẹ̀pẹ̀ lé e ni. Wọ́n ní, "Ilẹ̀ kì í gbàgbé." Wọ́n ní bí ìjọba ò bá yẹ omi yẹn wò, òun ò ní fi kan ẹnu òun, òun á máa ra ti mẹ́rúwá tó ń ti kẹ̀kẹ́ omi kiri.

Lónìí, bí mo ṣe wọlé ni wọ́n pè mí. "Wolé-wolé mi! Omi wa ńkọ́?"

Mo ní ó yege.

"Ìwọ lo bu omi yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ó tán. Bí ọmọ mi bá ti wò ó, èmi ni mo wò ó yẹn." Wọ́n jókòó, wọ́n padà sídìí iṣẹ́ wọn. Wọ́n tún ké sí mẹ́rúwá tó ń kọjá pé, "Sànnu, ọ̀rẹ́. Má yà sí mi mọ́ láti ọ̀la. Ọmọ mi ti ṣí omi."

Ọjọ́rú, 16

Wọ́n ṣí géètì. Ìlà gùn dé ẹnu ọ̀nà ilé mai-angwa, baálẹ̀ àdúgbò wa. A pọn kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin. Mo mu ife méjì lórí ìdúró — bóyá kí n lè mọ̀. Kò ní adùn kankan. Omi ni.

Ọjọ́bọ̀, 17

Ara mi le. Mo tún mu.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19

Jọmílójú bẹ̀rẹ̀ sí í di irun mi. Yàrá kẹta ló wà nínú ọgbà wa, irun dídì niṣẹ́ ẹ̀. Ó fi ọdún méjì jù mí lọ, àmọ́ ó ní kí n má pe òun ní àǹtí, pé ọ̀rọ̀ àgbà ò kan òun rárá. Ó di apá òsì tán, ó ní inú ń run òun, pé ká fi apá ọ̀tún sílẹ̀ dọ̀la.

Mo ní, "Báwo ni mo ṣe fẹ́ jáde báyìí?"

Ó ní, "Bí wọ́n bá bi ọ́, sọ pé sítáìlì tuntun ni. Sọ pé Lokogoma lo ti rí i."

Ọjọ́ Àìkú, 20

Màá kọ ọ́ bó ṣe tẹ̀ léra.

Láti ìdájí ni Jọmílójú ti ń ṣu, tó ń bì. Ohun tó ń ti ara ẹ̀ jáde dà bí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì. Mo ka ìyẹn nínú ìwé wa ní sẹ̀mẹ́sítà kejì. Ojú ewé kọkànlélógójì. Mo mọ ohun tó ń jẹ́.

Aago mẹ́wàá, Màmá àti Nafisah gbé e dé ilé ìwòsàn kékeré tó wà nítòsí. Nafisah ni tíṣà àwọn ọmọdé ládùúgbò wa. Òun ló ń pariwo, òun ló ń kan ilẹ̀kùn. Àìkú ni. Ó wà ní títì. Nọ́ọ̀sì ò gbé àdúgbò.

Kẹ̀kẹ́ tí yóò gbé wa lọ sí èyí tó tóbi pẹ́ kó tó dé. Ọ̀nà ti bàjẹ́. Orí ẹ̀ wà lórí itan mi. Ojú ẹ̀ ti wọnú. Awọ ọwọ́ ẹ̀, bí mo bá fà á, bó ṣe dúró ló ń wà. Ó ń béèrè omi. Mo fún un lómi. Ìgò tèmi ni, èyí tí mo máa ń gbé lọ síbi iṣẹ́. Omi Keje ló wà nínú ẹ̀. Mo fún un, ó mu ún, ó ní "Ẹ ṣé o, àǹtí." Ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ síbẹ̀.

Jọmílójú kú ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nínú kẹ̀kẹ́, ká tó dé títì.

Mi ò sunkún. Màmá sunkún. Mo wo aago.

Ọjọ́ Ajé, 21

Àwọn ẹbí ẹ̀ wá gbé e. Mo fi síkáàfù wé orí, mo lọ síbi iṣẹ́.

Ọ̀gá Báírò béèrè ohun tó pa á. Mo sọ ohun tí mo rí. Wọ́n kọ "ìgbẹ́ gbuuru". Mo ní, "Ọ̀gá, ṣé kì í ṣe onígbáméjì ni?"

Wọ́n ní, "A kì í kọ orúkọ yẹn. Bí wọ́n bá ti kọ orúkọ yẹn, àwọn tó wà lókè á wá. Bí wọ́n bá wá, wọ́n á béèrè nǹkan tí a ò ní."

Wọ́n tún ní, "Ẹ kú ará fẹ́ra kù." Jẹ́jẹ́ ni wọ́n sọ ọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22

Àìsàn náà ti mú èèyàn márùn-ún sí i. Mi ò sọ.

Ọjọ́rú, 23

Mẹ́sàn-án. Mi ò sọ.

Bàbá ni ìkẹsàn-án.

Ilé ìwòsàn kékeré ṣí lónìí. Bẹ́ǹṣì ni wọ́n tẹ́ Bàbá sí. Wọ́n so ike dírípì mọ́ ìṣó ojú fèrèsé. Bàbá wo ìṣó yẹn títí, wọ́n ní, "Ìṣó yìí ò dúró dáadáa. Bí mo bá dìde, màá wá tún un kàn." Ète wọn ti bó. Wọ́n tún ń ṣàwàdà pé ayé ti yí, pé apá lèèyàn ti wá ń mu omi báyìí.

Wọ́n fi mí han nọ́ọ̀sì: "Ọmọ mi nìyí o. Wolé-wolé ni. Òun ló yẹ omi wa wò."

Nọ́ọ̀sì kí mi. Ó ní kí Bàbá máa mu omi gan-an bí wọ́n bá délé. Bàbá ní, "Omi ti wà. Omi tó mọ́."

Mo jáde síta. Mo kà títí dé ọgọ́rùn-ún. Mo padà wọlé.

Ọjọ́bọ̀, 24

Mo sọ fún Ọ̀gá Báírò.

Mo ti ilẹ̀kùn. Mo dúró, mi ò jókòó. Mo sọ nípa àgádágodo, òjò, yìnyín, ẹ̀rọ ẹ̀yìn ọ́fíìsì, ọwọ́ mi lára ìgò. Mo rò pé wọ́n á pariwo. Mo rò pé wọ́n á pe ilé ìwé. Wọ́n dé báírò wọn. Wọ́n ní, "Wá."

A lọ sẹ́yìn, síbi ẹ̀rọ àlùwàlá. Wọ́n ṣí i, wọ́n fọ ọwọ́, wọ́n tì í.

"Ọmọ yìí, ṣé o rò pé ìwọ ni àkọ́kọ́ ni?"

Mo wo ẹnu ẹ̀rọ náà.

Wọ́n ní ó ti lé lọ́dún márùn-ún tí ọkọ̀ ọ́fíìsì ti kú. Ìgò ń dé. Fọ́ọ̀mù ń dé. Ọkọ̀ kì í dé, epo kì í dé. Àwọn tó wà lókè sì ń fẹ́ èsì, wọn kì í béèrè bó ṣe dé. Àwọn ọmọ iléèwé tó wá ṣáájú wa, ìgò méjìlá, ibí yìí ni wọ́n ti bu gbogbo ẹ̀. Àwọn tó wá ṣáájú wọn náà, ibí yìí ni. "Ẹ̀yin gan-an lẹ gbìyànjú. Mọ́kànlá! Mo wò yín bẹ́ ẹ ṣe wọlé tẹ́ ẹ ti rin gbingbin, inú mi dùn sí yín."

Ìgbà yẹn ni mo tó lóye. Omi kan ṣoṣo ló ti ń yege látọjọ́ yìí. Gbogbo àdúgbò, gbogbo abúlé, ẹ̀rọ kan.

Mo ní ká sọ fún àwọn tó wà lókè. Wọ́n wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tí nǹkan ń dùn.

"Ọwọ́ tìẹ ló wà lára ìgò. Tèmi ló wà lára fọ́ọ̀mù. Wá bá mi wá orúkọ ẹnì kan lókè tó wà lára nǹkan kan."

Mo ronú ẹ̀ títí mo fi délé. Kò sí.

Ọjọ́ Ẹtì, 25

Bàbá délé. Ọrùn wọn ti tín-ín-rín. Wọ́n bu omi Keje sínú kẹ́tùrù, wọ́n fẹ́ gbé e sẹ́nu bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká sè é ná."

"Ṣé nǹkan wà nínú ẹ̀ ni?"

"Rárá o. Ara yín ni ò tíì le."

Mo gbé e kaná. Mo sè é títí ó fi ku ìdajì.

Ìgò mìíràn ti dé ọ́fíìsì. Mo rí wọn nínú páálí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26

Ìpàdé wà lábẹ́ igi kúkà. Àwọn tó wà lókè rán ọ̀gá kan wá. Mi ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ dáadáa. Olómi-ike ni màá pè é: ike omi méjì ló gbé dání, ọ̀kan fún òun, ọ̀kan fún dẹ́rẹ́bà ẹ̀. Ọ̀gá Báírò dúró lẹ́yìn ẹ̀ pẹ̀lú fáìlì. Wọn ò wo ibi tí mo wà.

Olómi-ike sọ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ mai-angwa sọ ọ́ ní Hausa, Bàbá ń sọ ọ́ ní Yorùbá fún àwọn tó wà nítòsí wọn lórí bẹ́ǹṣì. Ó ní ìjọba bá wa kẹ́dùn. Ó ní ká máa fọ ọwọ́, ká bo oúnjẹ, ká má ra nǹkan jẹ lójú títì. Ó ní ìgbẹ́ gbuuru lásán ni. Ẹnì kan bi í pé, omi ńkọ́? Ó yọ ìwé, ó gbé e sókè. Omi ti yege. Òǹtẹ̀ láàbù nìyí.

Nafisah dìde. Ọmọ méjì ti kú nínú kíláàsì ẹ̀. Ó ní, "Kai! Ìwé la ò fẹ́ rí. Ta ló bu omi yẹn? Ta ló wà níbẹ̀ nígbà tó ń bù ú? Èmi, iwájú géètì yẹn ni mo ń gbé, mi ò rí ẹnikẹ́ni."

Olómi-ike wo Ọ̀gá Báírò. Ọ̀gá Báírò sọ nǹkan sí i létí. Ojú Olómi-ike tàn.

"Ọmọ àdúgbò yín ni! Ọmọ yín gan-an ló bù ú. Kò ha wà níbí?"

Bàbá ni wọ́n kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Wọ́n na ọwọ́ tó ti gbẹ yẹn sí mi: "Ọmọ mi ni! Ṣìmí, dìde kí wọ́n rí ọ." Gbogbo wọn bá pàtẹ́wọ́. Màmá ń fi etí ìró nu ojú. Nafisah wò mí. Ó ní, "Tó bá jẹ́ Ṣìmí ni, ó tán. Má bínú, àbúrò." Ó jókòó.

Mo dìde. Ìgbà yẹn ni. Mo mọ̀ pé ìgbà yẹn ni. Ẹnu mi là.

Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ ṣé."

Nínú gbogbo Yorùbá tí Bàbá kọ́ mi, òun ni mo rí sọ.

Nígbà tí ìpàdé tú, ìlà Keje gùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 27

Màmá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní orí ń fọ́ mi. Mo lọ bá Bàbá ní ṣọ́ọ̀bù. Wọn ò ṣiṣẹ́ lónìí, wọ́n kàn jókòó, wọ́n ń fi fáìlì onírin ha ìpẹtà ara irin kan. Mo jókòó sórí páànù tí mo máa ń jókòó sí nígbà tí mo wà ní kékeré. Mo sọ ọ́. Mi ò fi Gẹ̀ẹ́sì kankan kún un. Ó pẹ́.

Wọ́n ṣì ń ha irin.

Lẹ́yìn náà: "Ọjọ́ wo ni?"

"Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹsàn-án."

"Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ yẹn."

"Mo mọ̀, Bàbá."

"Kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀ yẹn."

"Mo mọ̀."

Wọn ò pè mí ní Wolé-wolé. Wọ́n dìde, wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì omi tó wà nídìí ògiri, wọ́n dà á sílẹ̀ níta, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi tán. Wọ́n padà jókòó. Mo ń retí kí wọ́n lù mí. Ì bá dára.

Wọ́n ní, "Ṣalángá yẹn, ojú mi ló rí i. Èmi ni mo sì jó géètì sí i. Nígbà tí wọ́n ní ó ti yege, mo fi ohun tí mo gbọ́ pa ohun tí mo rí rẹ́." Wọ́n gbọn ìpẹtà kúrò lọ́wọ́. "Ìwọ ò dá ṣe é. Ṣùgbọ́n o ṣe é."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Èèyàn mélòó ló ń pọn ibẹ̀ láàárọ̀?"

Mi ò mọ iye. Gbogbo wa ni.

Wọ́n na ọwọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n yọ kọ́kọ́rọ́ kejì lórí ìṣó. Wọ́n tún tú àpótí irinṣẹ́ wọn, wọ́n mú àgádágodo ńlá kan jáde, tuntun, tó wúwo bí òkúta. Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ló wá pẹ̀lú ẹ̀. Wọ́n fi gbogbo ẹ̀ lé mi lọ́wọ́.

"Bu omi tìẹ kọ́kọ́. Bó o ṣe yẹ kó o bù ú. Kó o tó tì í."

Mo pe Festus. Mo ní ká wá bu omi Keje gan-an, ẹ̀rọ ẹ̀yìn ọ́fíìsì kọ́ ni ọ̀tẹ̀ yìí. Ó béèrè pé, "Six o'clock?" Ó ní òun ti mú ìgò kan nínú páálí láti ọjọ́ Ẹtì. Òun náà ò tíì sùn dáadáa.

Mo wá kọ lẹ́tà. Ojú ewé méjì. Orúkọ mi, orúkọ ilé ìwé, ọjọ́ kẹsàn-án, ẹ̀rọ àlùwàlá, ohun tí wọ́n sọ fún mi níbẹ̀, gbogbo ẹ̀. Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta: ọ̀kan fún olùkọ́ wa tó ń ṣe láàbù ilé ìwé, ọ̀kan fún àwọn tó wà lókè, ọ̀kan fún mai-angwa. Mo kọ orúkọ Jọmílójú sí i. Mo kọ "onígbáméjì".

Ọjọ́ Ajé, 28 oṣù Keje

Aago mẹ́fà kọjá díẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ Bàbá ṣí géètì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n máa ń fi epo sí i.

Festus ṣí ẹ̀rọ. Mo wo aago: ìṣẹ́jú méjì gbáko. Mo fi iná ra ẹnu ẹ̀rọ. Mo gbé ìgò sí i. Mo kọ ọ́: 7. ANGWAN KUKA. Mo kọ orúkọ mi ní kíkún sábẹ́ ẹ̀. Festus gba báírò lọ́wọ́ mi, ó kọ tiẹ̀ náà. A ò bára wa sọ̀rọ̀. Ó gbé kúlà sínú kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú àwọn lẹ́tà, ó sì lọ. Ọjọ́ méjì kí èsì tó dé, bí olùkọ́ bá gbà á. Bí kò bá gbà á, mi ò mọ̀.

Mo fi àgádágodo Bàbá ti géètì. Ẹni tó ń ṣọ́ ọ ò ní kọ́kọ́rọ́ tó lè ṣí i.

Báyìí, mo ti wà nínú yàrá. Mo ń gbọ́ wọn. Kẹ́ẹ̀gì ń kan kẹ́ẹ̀gì. Ẹnì kan ń mi géètì. Nafisah ń béèrè pé ta ló ṣe irú èyí, pé àwọn ọmọ fẹ́ lọ sílé ìwé. Bàbá ti gbé àga wọn lọ síwájú géètì, mo ń gbọ́ ohùn wọn: "Ẹ dúró díẹ̀. Ó ní ẹnì kan tó ń bọ̀ wá bá yín sọ̀rọ̀." Màmá ò tíì lọ sí Lokogoma, wọ́n fẹ́ pọn omi kí wọ́n tó lọ. Wọ́n ń pè mí láti ọ̀dẹ̀dẹ̀: "Ṣìmí! Jáde wá! Wọ́n ti ẹ̀rọ wa pa!"

Mo ń jáde lọ. Mi ò wé síkáàfù. Apá òsì irun mi dì, apá ọ̀tún wà nílẹ̀.

Ìwé, o ti gbọ́ ohun gbogbo, o ò sì tíì bá mi wí. Nǹkan kan ló kù tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́. Wọ́n á ní kí n mú kọ́kọ́rọ́ wá. Àwọn tí mo fẹ́ràn ló máa kọ́kọ́ béèrè, òùngbẹ á sì ti máa gbẹ wọ́n. Mi ò fọkàn tán ara mi. Mo ti fi í sáàrin ojú ewé yìí. Bá mi pa á mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, títí kan èmi, má sọ ibi tó wà.